Kò sí àpáta ní Mushin, ẹ jẹ́ ká ra èyí tí wọ́n yà sórí bébà

Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní Mushin pé kí ni wọ́n ń pè ní àpáta. Bí kò bá sọ fún yín pé Jésù ni, nítorí orin tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, á nawọ́ sí òkìtì gíránáìtì tí típà já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ tún bi í pé omi tó dúró sójú kan ńkọ́, omi tí kò ṣàn, tó kàn dákẹ́ rọ́rọ́. Gọ́tà ló máa fi hàn yín. Ọmọ yẹn ò purọ́ o. Ohun tójú ẹ̀ rí ló sọ.

Ká sòótọ́, láti Ojúẹlẹ́gba dé Ìdí-Òro, láti Yábàá dé Ìtìrẹ́, kò sí àpáta kan ṣoṣo tí Ọlọ́run gbé kalẹ̀ síbẹ̀. Yanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ ni Èkó jókòó lé. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga ní Surulere lè gbẹ́ ẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú, yanrìn ló máa bá, tó bá yá, omi. Ìdí nìyí tí gbogbo òkúta tí a fi ń da dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa fi ní láti wọ mọ́tò wá, láti Abẹ́òkúta, láti ojú ọ̀nà Ìbàdàn, láti àwọn ibi tí àpáta wà lóòótọ́. Kó tó dé Mushin, wọ́n á ti fi dáínámáìtì fọ́ ọ, ẹ̀rọ á ti rún un wẹ́wẹ́, kò ní lórúkọ mọ́, kò ní ìtàn mọ́. Nígbà tí típà bá já a sílẹ̀, iye tọ́ọ̀nù ẹ̀ nìkan là ń bèèrè.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo fẹ́ sọ lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíránáìtì. Àmọ́ àwọn méjèèjì wọnú ara wọn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Láìpẹ́ yìí, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe férémù nítòsí Ojúẹlẹ́gba. Fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo gbé lọ. Ọmọbìnrin kan wọlé, ó há páálí ńlá kan mọ́ abíyá, ó sì rọra fa bébà méjì yọ nínú ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yábàá ni. Wọtakọ́lọ̀ ló fi ya àwòrán méjèèjì, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi lásán pò, tí àwọn ọmọ iléèwé wa ń rà nínú páálí pẹlẹbẹ.

Èyí tó tóbi nínú wọn, àpáta mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan dà bí erin tó dùbúlẹ̀. Omi wà nísàlẹ̀ wọn, ó dúdú, ó tòrò, òjìji àwọn àpáta yẹn sì dojú dé sínú ẹ̀. Koríko díẹ̀ wà létí omi. Kò sí èèyàn, kò sí ilé, kò sí ẹyẹ. Gbogbo wa dákẹ́, àfi bí ìgbà tí wọ́n pàṣẹ fún wa.

Bàbá kan tó wá gba álímánáàkì ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìlú òyìnbó wo rèé?”

Ẹni tó ń ṣe férémù dá a lóhùn pé, “Swítsálándì ni bàbá. Ó máa ń wà nínú kàlẹ́ńdà.”

Ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú sà. Adó-Àwáyè ni. Lápá Ìsẹ́yìn.”

Àfi bíi pé wọ́n gbá bàbá létí. “Adó-Àwáyè tiwa yìí? Ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá ìyàwó mi!” Ó ti lọ síbẹ̀ kó tó lọ́jọ́ lórí. Ó lọ fún ìdána, ó lọ fún ìsìnkú, ó lọ fún ilé ṣíṣí. Kò gun òkè yẹn rí. Ó gbé àwòrán náà súnmọ́ iná, ó wò ó títí, ó wá ní òun máa rà á. Ó kù díẹ̀ kó dọ́wọ́ ná an, ló bá ní, “Ó dáa gan-an o, ọmọ mi. Àmọ́ ṣé o ò lè fi ilé kan sí i? Tàbí mọ́tò kékeré kan, kó lè dà bíi pé èèyàn ń gbébẹ̀?”

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ọmọbìnrin náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Wọtakọ́lọ̀ ni, bàbá. Tó bá ti gbẹ, ó gbẹ nìyẹn.”

Àwòrán kejì kéré, kò ju ìwé ńlá tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà lọ. Àpáta kan ṣoṣo ni, àti adágún omi òjò kékeré kan tó sé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ní ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá òun ni, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ìgbà tóun lọ lo họlidé níbẹ̀ lóun yà á. Nígbà tóun padà lọ lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, àwọn tó ń fọ́ òkúta ti dé ibẹ̀. Kòtò ló kù.

Bàbá yẹn fẹ́ ra méjèèjì. Ẹ sì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, owó iléèwé wà nílẹ̀ tó fẹ́ san, kódà owó férémù tó wá ṣe gan-an, ó ń ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì-lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fà á yọ. Ó ta Adó-Àwáyè. Ó fi èyí tó kéré sínú páálí ẹ̀ padà. Ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Adó-Àwáyè, mo lè tún lọ yà á. Èyí, kò síbi tí mo máa lọ.”

Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ nípa ọ̀dà yẹn fúnra ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Ọ̀dà epo tí àwọn oníṣẹ́ ńlá ń lò, èèyàn lè fi funfun bo dúdú, kó tún fi pupa bo funfun. Tó bá ṣì í, á fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò, á tún un ṣe. Wọtakọ́lọ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀. Omi ni, bébà ń mu ún. Ibi tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa lọ díẹ̀díẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn. Funfun tí ẹ rí níbẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó kọ mànà lórí omi, bébà ni. Ayàwòrán ò kùn ún rárá. Látìbẹ̀rẹ̀ ló ti ní láti mọ ibi tí òun máa fi sílẹ̀, kó sì ṣọ́ ọ títí iṣẹ́ á fi parí. Tí búrọ́ọ̀ṣì bá ṣèèṣì kan ibẹ̀ pẹ́ńrẹ́n, ìmọ́lẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, bébà ní láti mu omi. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún máa ń rẹ bébà náà sínú omi, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pákó, wọ́n á fi téèpù olóòótẹ̀ lẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Bó bá ṣe ń gbẹ ni yóò máa le, títí á fi le bí awọ ìlù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà á kàn máa ká a kò bí àkàrà tó bọ́ sínú epo gbígbóná.

Àpáta àti omi tó dákẹ́, ìdánwò gidi ni fún oníwọtakọ́lọ̀. Àpáta ní ojú ṣákiṣàki. Ayàwòrán á fọn omi kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, á wá fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gba orí bébà tí ojú ẹ̀ hunjọ. Ọ̀dà á mú orí ibi tó yọ sókè, á fo ibi tó jìn, ló bá di ojú òkúta. Àwọn mìíràn máa ń wọ́n iyọ̀ ìdáná sórí ọ̀dà tó ṣì tutù. Iyọ̀ á fa omi mọ́ra, tó bá gbẹ tí wọ́n gbọ̀n ọ́n dànù, ibẹ̀ á rí tóótòòtó bí èèhù tó máa ń hù lára àpáta àtijọ́. Ìyá mi ì bá pariwo ká sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń lò báyìí.

Omi ló le jù. Ẹ lọ wo adágún tó tòrò dáadáa lọ́jọ́ kan. Ẹ máa rí i pé òjìji àpáta inú omi kì í dúdú tó àpáta fúnra ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òjìji sánmà inú omi kì í mọ́lẹ̀ tó sánmà òkè. Omi ń mú dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ó sì ń mú funfun ṣókùnkùn díẹ̀. Òjìji gbogbo nǹkan sì gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ tààrà, kò gbọ́dọ̀ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Tí ayàwòrán bá ṣi èyí, ẹni tí kò kàwé rárá máa mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́, bí kò tiẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́.

Ẹ wá fi ti ojú ọjọ́ Èkó kún un. Ní oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀dà tí ayàwòrán bá fi lélẹ̀ láàárọ̀ ní Yábàá lè máà tíì gbẹ tán lọ́sàn-án. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé etí kejì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ní ìlú yìí, oníṣẹ́ gidi ni, kí ẹnikẹ́ni má fojú di í.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí. Ohun tó ń mú àwọ̀ lẹ̀ mọ́ bébà nínú wọtakọ́lọ̀ ni oje igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń jẹ́ gum arabic. Igi ọ̀hún ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ lókè ọya, ní Yobe, Borno, Jigawa. Sudan ló ń ṣe é jù láyé, àmọ́ Nàìjíríà wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. A ń kó oje yẹn sínú àpò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè bí a ṣe há a lára igi. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àwọ̀ sí i, wọ́n á rọ ọ́ sínú túùbù kékeré tó tó ìka ọmọdé, ọmọ Yábàá á wá fi owó ọ̀sẹ̀ kan rà á padà. Bébà ńkọ́? Èyí tó dáa jù, òwú ni wọ́n fi ń ṣe é, òkèèrè ló ti ń wá. Bébà ìkọ̀wé lásán pàápàá, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Ìwopin ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti máa ṣe é ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Òkúta wa, omi wa, oje igi wa. Túùbù nìkan ló jẹ́ tiwọn, túùbù yẹn ló sì gbówó lórí.

Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń jà kí ọmọ Yorùbá tó lè mú búrọ́ọ̀ṣì kí wọ́n má sì fi í ṣẹ̀sín. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, fúnra ẹ̀ ló kọ́ ara ẹ̀ ní àwòrán yíyà kó tó lọ sí London ní 1920. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó kan ń sọ gbangba pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú ò lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó padà dé ní 1922, ó ń ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tó tẹnu mọ́ jù ni bí nǹkan tó jìnnà ṣe ń kéré, bí ìlà ọ̀nà ṣe ń pàdé lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ sọ ọ́ ní “Mr. Perspective” nítorí ẹ̀. Ojú èèyàn ló fẹ́ràn láti yà, kì í ṣe àpáta. Àmọ́ ẹni tí kò bá kọ́ ohun tí Onabolu ń kọ́ wọn yẹn, kò lè da òjìji sínú omi kó jókòó.

Òun náà ló rọ ìjọba amúnisìn títí wọ́n fi gbé Kenneth Murray wá ní 1927 láti wá ràn án lọ́wọ́. Murray wá gba ọ̀nà tiẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ má wulẹ̀ máa tẹ̀ lé ìlànà òyìnbó, kí wọ́n wo iṣẹ́ ọnà àti ìgbésí ayé ìlú wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ta ni nínú wọn ló tọ̀nà. Lójú tèmi o, ọmọbìnrin Ojúẹlẹ́gba yẹn ti parí ìjà wọn láìmọ̀. Ọwọ́ tó fi yà á, ti Onabolu ni. Ibi tó lọ wò, ti Murray ni.

Yábàá ni ìtàn yìí ti gbòòrò. Ní Commercial Avenue níbẹ̀ ni Nnamdi Azikiwe ti ń tẹ West African Pilot, ìwé ìròyìn tó dá sílẹ̀ ní 1937, Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló sì ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú sínú ẹ̀, tó ń fi gún àwọn òyìnbó ní kẹ́sẹ́. Nígbà tó yá, Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, dé láti Zaria, ó sì di olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Aró bí ti àdìrẹ ló kún inú iṣẹ́ tiẹ̀. Nítòsí ibẹ̀, ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, Abayomi Barber, ọmọ Ilé-Ifẹ̀, kó àwọn ọ̀dọ́ kan jọ láti àwọn ọdún 1970, ó ń kọ́ wọn kí wọ́n máa ya igi, òkè àti àpáta fínnífínní débi pé ẹni tó ń wò ó á fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ọdún kan náà, 2021, ni Grillo àti Barber dágbére fáyé. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá kọjá lẹ́nu géètì iléèwé méjèèjì lójoojúmọ́, ẹ ó rí i pé díẹ̀ ló gbọ́ orúkọ wọn rí. Ẹ̀bi tiwọn kọ́. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí iṣẹ́ wọn wò?

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ sínú báyìí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Iye tí wọ́n ń ta gààrí, iye tí wọ́n ń ta epo bẹntiró, ẹ ní ká wá máa wo àpáta orí bébà? Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ògiri ilé àwọn èèyàn wa. Kò sí ilé tí ebi ti pa débi pé kò sí nǹkan kan lára ògiri. Álímánáàkì wà níbẹ̀. Àwòrán òkè tí yìnyín bò wà níbẹ̀, pẹ̀lú igi ṣóńṣó tí kò hù rí láti Badagry títí dé Ilọrin. Owó la fi rà wọ́n. Ojú tí ọmọ fi ń wò wọ́n láti kékeré, òun ló fi mọ̀ pé ibi tó rẹwà wà níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí bàbá tó ti jẹ iyán ní Adó-Àwáyè bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá fi wo àpáta àwọn àna ẹ̀, tó ní Swítsálándì ni.

Ẹlòmíràn á ní, fóònù ńkọ́? Ṣebí ká kàn yà á ní fọ́tò. Ẹ yà á, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má yà á. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ibi tí fọ́tò fóònù ń lọ. Fóònù já sómi, tàbí wọ́n já a gbà ní Òṣòdì, ẹgbẹ̀rún méjì fọ́tò ti lọ, a ò sì rántí ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹni tó jókòó ti àpáta fún wákàtí mẹ́ta, tó ń wo bí òjìji ṣe ń yí, ó ti há a sórí.

Adó-Àwáyè yẹn tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkàsọ̀ 369 ni wọ́n máa ń gùn kí wọ́n tó débi ọ̀pọ̀ ohun ìyanu orí òkè náà, ẹsẹ̀ á sì gbọ̀n. Lórí àpáta lókè níbẹ̀ ni adágún tí wọ́n ń pè ní Ìyákẹ̀ wà. Àwọn ará ìlú ní kò nísàlẹ̀, wọ́n sì ní ìdí tí wọn kì í fi jẹ́ kí èèyàn wẹ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi yangàn pé irú ẹ̀ méjì péré ló wà láyé. Ìyẹn ò kan ayàwòrán. Omi ló wà lórí òkúta, sánmà sì wà nínú omi, ó tó. Òkúta náà fúnra ẹ̀, irú kan náà ni pẹ̀lú ti Ìdànrè àti ti Olúmọ: iná abẹ́ ilẹ̀ ló yọ́ ọ, ó sì tutù sínú ilẹ̀ ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí òjò àti oòrùn tó wá bó ilẹ̀ orí ẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Olúmọ ní tiẹ̀ ti rí ẹni gbà á sílẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830 nígbà ogun, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa gbé dáínámáìtì lọ síbẹ̀. Ìdànrè náà, orúkọ ẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ UNESCO nínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n dábàá. Àwọn tí mò ń sọ ni àpáta tí kò lórúkọ. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà. Èyí tí àwọn ọmọ ń sá iṣu lé, tí omi òjò ń gbárajọ sẹ́sẹ̀ ẹ̀ láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kọkànlá. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò sí pátákó ìjọba. Tí wọ́n bá fọ́ ọ lọ́la, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. A ò sì lè ní kí wọ́n má fọ́ òkúta rárá, ilé tí à ń gbé ńkọ́? Dẹ́kìn tó wà lórí mi níbi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àpáta ẹnì kan ni. Àmọ́ kí wọ́n tó fọ́ ọ, ó yẹ kí ẹnì kan ti wò ó dáadáa.

Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yìí ń ṣe nìyẹn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ohun tí a fi ń san án fún wọn ni pé iṣẹ́ ọ̀hún ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bébà ò fẹ́ràn Èkó. Mo ti rí wọtakọ́lọ̀ dáadáa tí wọ́n gbé kọ́ òdìkejì fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọ̀ aró tó wà nínú omi ti ṣí dànù. Mo ti rí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì tààrà, ooru mú kó làágùn, bébà náà bu, ó yọ àmì pupa tóótòòtó. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe férémù fi páálí sí àárín bébà àti gíláàsì, kí afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Ẹ gbé e kọ́ ògiri inú, kì í ṣe èyí tí òjò ń lù lẹ́yìn. Ẹ má gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ti ń rí i. Kò gbowó, àmójútó ló gbà.

Èyí tó kan ìjọba wà níbẹ̀ o. Tíátà Àpapọ̀ tó wà ní Ìgànmú, tí wọ́n ṣí ní 1976 ní ìpalẹ̀mọ́ FESTAC '77, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n fi sọrí Wọlé Ṣóyínká ní 2024, wọ́n sì tún un ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2025. Ilé náà rẹwà. Láti Surulere, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ tí oòrùn ò bá mú. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe níbẹ̀ kéré: kí wọ́n ya yàrá kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ orí bébà, kí ẹ̀rọ amúlétutù máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí iná ibẹ̀ rọra wọlé kó má jó àwọ̀. Kí wọ́n lẹ orúkọ ibi tí wọ́n ti ya àwòrán kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn ní Yorùbá gbàgàdà: Adó-Àwáyè, Ìdànrè, ẹ̀yìnkùlé ìyá mi àgbà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Mushin àti ti Surulere máa fi bọ́ọ̀sì kan kó àwọn ọmọ iléèwé wọn wá lẹ́ẹ̀kan ní sáà, ọ̀fẹ́. Owó ráńpẹ́ ni èyí máa ná wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pátákó tí wọ́n ń fi kí ara wọn kú ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ lówó díẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, tí ògiri pálọ̀ yín ṣì ṣófo, ẹ máa bojú wo ìpàtẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà Yábàá àti Akọkà ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ jáde. Iye tí wọ́n ń ta wọtakọ́lọ̀ wọn máa ń yà mí lẹ́nu, nígbà mìíràn férémù ẹ̀ wọ́n jù ú lọ. Ẹ bi wọ́n pé ibo rèé. Tí wọ́n bá ní inú fóònù làwọn ti dà á kọ, ẹ kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá dárúkọ ìlú kan tí ẹ mọ̀, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ bí ó ṣe débẹ̀, bí oòrùn ṣe pa á, ẹni tó fún un lómi mu.

Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ wo Ìyákẹ̀ fúnra ẹ̀, àkókò tó dáa ni ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó wá fi kùrukùru bo òkè. Omi á ti kún, á sì ti tòrò. Ẹ wọ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn láàárọ̀ kùtù, nítorí àárọ̀ ni òjìji àpáta máa ń dára jù nínú omi, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú u. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀ gun àkàsọ̀ yẹn. Ẹ mú omi mímu dání, kí ọmọ tí ẹ bá mú lọ sì mú bébà.